Ẹni Tí Yóò Dìde Bí Ẹ̀rọ Bá Wúkọ́

Òmù-Àrán

Mojísọlá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú ilé ẹ̀rọ ìlọta wa ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ lé. Bí o bá rí ìyẹ̀fun lára bébà náà, má gbọ̀n ọ́n dànù, ilé ló fi ń kí ọ. Ara mi le, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Orúnkún òsì ṣì ń bá mi jà. Ganmo tó ń fún wa níná mànàmáná kò rántí wa láti àná, nítorí náà epo dísẹ́ẹ̀lì là ń sun, ariwo ẹ̀rọ sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n bí ọwọ́ ọmọ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìkàwé.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo fẹ́ pè. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, ìwọ náà sì mọ̀ mí. Bí mo bá pè ọ́, n ó ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Èkó yín, fún ọ, n ó ṣe ti ìyàwó rẹ̀, n ó ṣe ti pásítọ̀ wa nígbà tó ń bẹ ìjọ pé kí wọ́n má gbé iṣu wẹ́wẹ́ wá síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Wàá rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ, a ó sì fi fóònù sílẹ̀ láìsọ ohun tí mo torí rẹ̀ pè. Bébà kì í gba ohùn ẹlòmíràn. Tèmi nìkan ló gbà, ìyẹn sì ti há díẹ̀.

O sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lẹ́ka iṣẹ́ yín, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé lé ọ lọ́wọ́ ni kí o gba ẹnjiníà kan tí yóò máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí ẹ fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe yé mi, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣì í gbọ́. Àgbẹ̀ á fi fóònù ya àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, á fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi ewé tí kò lóǹkà hàn á wò ó, á ní àrùn báyìí ni, fà á tu, tàbí má fà á tu. Àwọn kọ̀ǹpútà náà kò sí ní ọ́fíìsì yín rárá. Ilé onílé ni wọ́n wà, lókè òkun, ẹ ń yá wọn lò, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn, tí yóò mọ̀ bí wọ́n bá ń kú lọ tàbí bí wọ́n bá ń kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́, òun ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá wá ṣi ènìyàn gbà, àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ọdẹ yóò fa oko tó dára tu nítorí pé ẹ̀rọ yín purọ́ fún un. Kò ní mọ ẹni tí yóò bú. Bóyá ẹ̀gẹ́ náà ni yóò bú.

Bàbá Èkó wá sílé fún ìdúpẹ́ ìkórè. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé Délé ọmọ òun ni kí o gbà sí iṣẹ́ náà. Ohun tó jẹ́ kí n mú báírò nìyẹn. Ṣùgbọ́n má sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí n gba ọ̀nà tèmi débẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kì í gba ẹ̀bùrú.

Èkíní, má gba ohùn síṣẹ́.

O mọ̀ pé kò sí ẹni tí mi ò lè sín jẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ilé ẹ̀rọ yìí ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi, mẹkáníìkì kan máa ń ti Àjàṣẹ́-Ìpo wá tún ẹ̀rọ ṣe fún un. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ là ń pè é. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, kò sì lè sọ gbólóhùn kan kó má fi “ṣé o gbọ́ mi” dì í nídìí. Mo mọ ohùn rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ti dá mi lóhùn rí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan dé láti apá Òkè-Ọdẹ. Ó gbọ́ pé Ọ̀gá Àjàṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ òun kò fẹ́ gba iná. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ ti lọ. Èmi ni mo wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Mo fimú dá a lóhùn pé, “Nọ́súlù ló dọ̀tí, ṣé o gbọ́ mi. Tú u, fi epo fọ̀ ọ́, dì í padà, ṣé o gbọ́ mi.”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ẹ má wulẹ̀ jáde, mo mọ̀ pé ẹ ń jẹun.”

Ó lọ. Ó tú u. Kò rí i dì padà. Gbogbo àgbàdo àdúgbò wọn ló wà nílẹ̀ tí wọn kò rí lọ̀, àwọn obìnrin padà sídìí ọlọ. Nígbà tó tún wá, Ọ̀gá Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló bá níwájú ilé, ó sì ń bi í léèrè ìdí tó fi gbà á nímọ̀ràn báyẹn. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ “láti ẹ̀yìn aṣọ,” kò tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn dìde, ó ń wá mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló wà nínú iṣẹ́ náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá, mo sì sọ ọ́ bí ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́. Bí o bá ní kí n fọwọ́ kan nọ́súlù náà, ẹnu tí epo ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, ibi tí à ń da omi sí ni ǹ bá fi hàn ọ́. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́.

Àwọn tí wọ́n máa wá sí intafíù lọ́dọ̀ rẹ, ẹlòmíràn á wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn aṣọ lòun náà wà. Ọ̀rọ̀ á máa yọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí òrí. Má bi í ní ohun tó mọ̀, yóò sọ ọ́. Bi í ní ohun tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Kí ló kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́? Kí ló ṣe tí kò ràn án? Ta ló pè? Kí ló wá jẹ́ nígbẹ̀yìn? Asínnijẹ lè sín ẹni tó ti mọ̀nà jẹ. Kò lè sín ẹni tó ń wá ọ̀nà kiri jẹ, nítorí kò ṣìnà rí, ilé ló jókòó sí. Bí ó bá sọ fún ọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí, fún un ní omi tútù, kí o sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń kọ́ nìyẹn, pé ẹ ó fi hàn án, yóò máa sín in jẹ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, o bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò dá ọ lóhùn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé irú mi náà ni ẹ kó sínú ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ẹ wá ẹni tí yóò máa ká aṣọ sókè wò ó lóòrèkóòrè.

Èkejì tóbi ju èkíní lọ. O ti gbọ́ ọ rí, gbogbo ilé wa ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀rín parí ìtàn náà sí, ibẹ̀ kọ́ ló parí sí.

Mo mọ ẹ̀rọ náà gan-an sín jẹ. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ yọ̀, tàbí bí omi bá ń tán nínú rẹ̀, ikọ́ kan wà tó máa ń wú, bí ikọ́ arúgbó tí egungun ẹja há lọ́rùn. Bàbá mi mọ ikọ́ náà ju ohùn ìyá rẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ lọ́sàn-án ní ẹ̀yìnkùlé, n ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri, n ó wúkọ́. Bàbá á ju òkèlè sílẹ̀, á sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ ọbẹ̀, á dé ìdí ẹ̀rọ, á bá a tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí a ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn Bàbá Èkó yín, ló máa ń bẹ̀ mí pé, “Àṣàkẹ́, fi bàbá lọ́rùn sílẹ̀.” Mi ò gbọ́.

Nígbà tó yá, bàbá kò sáré mọ́. Á kàn yíjú sí ògiri, á ní, “Àṣàkẹ́ ni.” Á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ẹ̀fẹ̀ náà pàdánù adùn rẹ̀, èmi náà sì ṣíwọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ wúkọ́ fúnra rẹ̀, mi ò sí nílé. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ dá a lóhùn. Ó ní, “Àṣàkẹ́, jẹ́ kí n jẹun tán, n ó nà ọ́.” Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mu omi. Èmi ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní tèmi, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí n tó yọ sí ilé, nítorí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ti ń dún lójoojúmọ́, ìdákẹ́jẹ́ ní ariwo tirẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kò tàn mọ́. Bàbá jókòó sí iwájú rẹ̀ bí ère Èsìẹ́, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Kò sì nà mí. Ì bá ti nà mí, ì bá sàn.

Àtúnṣe ẹ̀rọ gba gbogbo owó ilé, ọ̀kan péré nínú àwa ọmọ ló sì lè máa bá ìwé lọ lọ́dún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kù díẹ̀ fún kó jáde ìwé mẹ́wàá, òun ni wọ́n sì mú. Bí ìwé tèmi ṣe dá sí ìdajì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà rí títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí o tó ẹni tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ó wá mú ọ lọ sí Èkó láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, tí ó fún ọ ní yàrá tó dára ju ti àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ, mo mọ ohun tó ń ṣe. Tìrẹ ló ń ṣe, tèmi ló ń rò.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ń ké lásán ń pa etí olùṣọ́ rẹ̀ ni. O sọ fún mi pé àwọn kọ̀ǹpútà yín ní àlámù tó máa ń dún sórí fóònù ẹni tó ń ṣọ́ wọn, ó sì máa ń dún nígbà mìíràn láìsí ìdí. Bi ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà pé kí ni yóò ṣe sí ìyẹn. Ẹni tó bá ní òun yóò pa á lẹ́nu mọ́, bàbá mi nìyẹn. Ẹni tó bá ní gbogbo ìgbà lòun yóò máa sáré, ó dára, ṣùgbọ́n yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí yóò dìde, tí yóò wò ó, tí yóò wá rìn yí ògiri ká lọ wo ọmọ tó ń wúkọ́ níbẹ̀, òun ni kí o mú. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. A kì í sì jẹ́ kí ọmọdé máa kígbe iná títí etí ilé yóò fi di.

Àwọn tó kù yìí, mi ò ní ka iye wọn mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń yí lófìfo ń jẹ eyín ara rẹ̀ ni. O mọ̀ pé bí oníbàárà kò bá sí, mo máa ń pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títàn án padà máa ń dá mi lápá. Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ń yá yẹn, wá ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń ro ó bí ó bá rí i pé wọ́n ń yí láìrí nǹkan lọ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ènìyàn.

Ẹni tó bá lọ ata tán, tí kò fọ ẹ̀rọ kó tó lọ ògì ọmọ ọwọ́, igbe ọmọ ni yóò jẹ́ kí a mọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ níbí. Ìyá ọmọ náà kò bi mí bí ẹ̀rọ mi ṣe lágbára tó. Ohun tó ń wọ inú ẹ̀rọ ni kí ẹnjiníà rẹ kọ́kọ́ máa wò, kó tó di ohun tó ń jáde.

Fẹ́mi tó bá mi ṣiṣẹ́ nígbà tí o ṣì wà ní jéléósinmi, bóyá o rántí rẹ̀, òun tó máa ń súfèé. Ó mọ iṣẹ́. Ibì kan wà lára ẹ̀rọ yìí tó máa ń fi igi gbá kó tó tàn án, gbà, ẹ̀rọ á tàn. Mi ò bi í léèrè ibi tí ó jẹ́. Inú mi dùn pé ó ń tàn. Nígbà tí Fẹ́mi gbéyàwó tó sì kó lọ, a gbá ẹ̀rọ náà níwájú, a gbá a lẹ́yìn, a gbá a títí ó fi dà bí ìkòkò tí màlúù tẹ̀. Fẹ́mi ti kó ẹ̀rọ mi lọ sínú orí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, gba ẹni tó ń fẹ́ kí ẹlòmíràn náà mọ ibi tí òun ń gbá. Ẹni tó bá ń fi í pamọ́, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, ẹ̀rọ rẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Bí o bá sì ti gbà á, jẹ́ kó sùn. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo mọ̀ ọ́, o le sí ara rẹ, wàá sì fẹ́ le sí ẹlòmíràn. Nígbà tí bàbá rẹ kú, èmi nìkan ni mo ń dá ẹ̀rọ ṣọ́, ìwọ wà lẹ́yìn mi. Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé mo ti fi orí lé àpò ẹ̀gẹ́ sùn rí pẹ̀lú oníbàárà níwájú mi. Ẹni tí ó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ikọ́, bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Má gba ẹnì kan kí o wá sọ ọ́ di ẹni méjì. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ènìyàn méjì ni kí ó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọn á ní ẹ̀rọ náà gbọ́n, ó lè ṣọ́ ara rẹ̀. Sọ fún wọn pé àwa ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n máa ń sọ fún pé ogbó ló mọ̀nà wá fún àwọn bàbá wa, pé àdá náà ló ń júwe ọ̀nà nínú igbó. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé ogbó dá rìn wá.

Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká délé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ ìkórè, òun àti Délé. Ó jókòó sí pálọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ipò tí wọ́n gbé ọ sí, ó dúpẹ́, ó súre fún ọ. Ó ní Délé ti kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an, ó ti ń ṣe é fún àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí ibi gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó bá wá.

“Àṣàkẹ́, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.”

Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá wá fún ọmọ nídìí ńkọ́, ṣé ẹ ó jẹ́ ká tú u?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu mi kò ní kú láé. Ó rò pé àwàdà ni. Gbogbo ayé ló máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rà á.

N kò fẹ́ Délé, jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ti rí bó ṣe ń fi ahọ́n Èkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì sọ nínú ara mi pé ẹ̀yìn aṣọ ni èyí náà wà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó sí iwájú ilé ẹ̀rọ, ó ń tẹ fóònù. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo lọ sí ẹ̀yìn ògiri, àgbà ara mi yìí, mo fọwọ́ bo ẹnu, mo wúkọ́.

Ó gbé orí sókè. Ó dìde, ó wọlé, ó wo bẹ́líìtì, ó fetí sí i, ó jáde padà. Mo jẹ́ kó jókòó dáadáa. Mo tún wú u. Ó tún dìde. Kò ráhùn, kò kígbe pè mí. Ó fọwọ́ kan ibi tí a ń da omi sí, ó wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, mo wú u, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́. Ó rìn yí ògiri ká, ó sì bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu.

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wúkọ́.”

Mo ní èmi ni.

Ó ní, “Ó jọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Bí ẹ bá ṣe é dọ̀la, n ó tún dìde, kì í sì í ṣe pé mi ò níṣẹ́ mìíràn.”

Mojísọlá, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń sunkún. Ọmọ yẹn ṣe ohun tí bàbá mi kò ronú kàn rí. Mo wọlé, mo ń wá bébà láti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ọ: gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n ń padà lọ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí mọ́tò. Mo bi í lọ́nà tí kò lè pè ní àwàdà. Mi ò ṣe ohùn ẹnikẹ́ni.

Mo ní, “Bí Mojísọlá bá gba Délé, tí iṣẹ́ náà kò sì lọ bó ṣe yẹ, tó wá ní kó máa lọ sílé. Ṣé ẹ ó ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà ìdúpẹ́ ìkórè ọdún tó ń bọ̀?”

Ó ń wo táyà mọ́tò bíi pé òun ni mo bi léèrè. Mo dúró. Mo ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí, lọ́jọ́ tí mò ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ṣé torí èyí ni mo ṣe tọ́ Mojísọlá, Àṣàkẹ́?”

Mo sọ fún un pé n ó kọ̀wé sí ọ pé kí o má gba Délé, pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wọlé. Délé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yípo wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣé mo kùnà ni, Màmá?”

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Ìwọ kọ́.”

Ó wo bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo rò pé ó yé e, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ìmọ̀ràn tí mo ti ń rìn bọ̀ láti òkè ìwé nìyí, Àbẹ̀kẹ́: ẹni tí o kò bá lè sọ fún pé kó máa lọ, má sọ fún un pé kó máa bọ̀. Bí ó tilẹ̀ mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá wúkọ́ tí ó sì jẹ́ pé òun ló fà á, ojú Bàbá Èkó ni wàá máa wò, o ò ní wo ẹ̀rọ. Wàá dákẹ́. Àgbẹ̀ Òkè-Ọdẹ yẹn, kò mọ Bàbá Èkó rí. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ìwọ lọ̀gá níbẹ̀, mi ò lè dá ọ lọ́wọ́ kọ́. Bí o bá kà á tán tí o sì rí ọ̀nà tí èmi kò rí, gbà á, n ó bá ọ dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀, má pe ẹ̀gbọ́n mi láti tọrọ àforíjì. Ọrùn mi ni kí o gbé e kọ́. Ọrùn náà ti gbó, ó ti mọ ẹrù. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni kí o bá Délé wá iṣẹ́ síbòmíràn, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀, sọ fún wọn pé àgbà obìnrin kan wúkọ́ tàn án lẹ́yìn ògiri, ó sì ń dìde.

Mo ti di iṣu fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó lọ, àwọn tó tóbi, tí mo ṣà sọ́tọ̀ láti oko. Kò gbé e. Ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri báyìí, mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí. N ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò pè, èmi ni n ó pè é, n ó sì gbìyànjú láti má fi ohùn rẹ̀ kí i.

Jẹun dáadáa. Máa di irun rẹ, o ti ń dà bí bàbá rẹ nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́ yẹn. Ọlọ́run tó fi ọ́ síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ rẹ̀ ọ́ bí ibí ṣe rẹ̀ mí.

Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́, Mojísọlá. Kì í ṣe èmi. Jẹ́ kí n dìde.

Ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́